Tọ́bò tàbí aláìní-tọ́bò: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò asáré Tòkunbọ̀ ní Ifẹ̀ àti Iléṣà

Àwọn ìbéèrè tí àwọn èèyàn Ilé-Ifẹ̀, Mọ́dákẹ́kẹ́ àti Iléṣà sábà máa ń bi mí nìyí, bí wọ́n bá ti ń tọ́jú owó láti ra Mustang, Mercedes C300, Infiniti tàbí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀. Mo dáhùn wọn bí mo ṣe máa dá àbúrò mi lóhùn. Èrò mi kò fara sin: ní àdúgbò tiwa níbí, mọ́tò asáré tí kò ní tọ́bò ló máa ń rọ ẹni tó ń ra irú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́rùn jù. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí tọ́bò tọ́ sí, màá sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́.

Kí ni tọ́bò ń ṣe gan-an nínú ẹ́ńjìnì?

Ẹ́ńjìnì kò lè jó epo láìsí afẹ́fẹ́. Bí písítìn bá ń sọ̀kalẹ̀, á fa afẹ́fẹ́ wọlé, epo á dà pọ̀ mọ́ ọn, plọ́ọ̀gì á ta iná sí i, iná náà á sì ti písítìn padà sísàlẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ tó wọlé bá ṣe pọ̀ tó ni epo tó lè jóná dáadáa ṣe máa pọ̀ tó, epo tó jóná ló sì ń di agbára. Ẹ́ńjìnì tí kò ní tọ́bò, ìwọ̀nba tí písítìn bá fúnra rẹ̀ fà wọlé ni yóò lò. Tó bá fẹ́ agbára sí i, àfi kí inú rẹ̀ tóbi sí i, tàbí kó máa yí kíákíá sí i.

Tọ́bò gba ọ̀nà mìíràn. Èéfín gbígbóná tó yẹ kó gba sàlẹ́ńsà jáde lásán á kọ́kọ́ gba ara fáànù kékeré kan kọjá, á sì máa yí i. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so fáànù yìí mọ́ fáànù kejì tó wà lọ́nà ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, fáànù kejì náà ló sì ń ki afẹ́fẹ́ mọ́ ẹ́ńjìnì nínú. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Orí ọ́ìlì ló ti ń yí. Èéfín tó ń lé e sì lè gbóná tó 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius tí ẹ bá tẹ iná mọ́ ọn gidi. Ọ́ìlì àti ooru: ẹ fi méjèèjì sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wàhálà tọ́bò ti ń bẹ̀rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tí a bá kì pọ̀ náà máa ń gbóná, ẹ́ńjìnì kò sì fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná. Ìdí nìyẹn tí íńtákúlà fi wà. Ó jọ ràdíátọ̀ kékeré, iwájú mọ́tò ló sábà máa ń wà, òun ló ń tu afẹ́fẹ́ náà lára kó tó wọ ẹ́ńjìnì.

Ṣé nǹkan tuntun ni tọ́bò?

Rárá o. Alfred Büchi, ẹnjiníà ọmọ Switzerland, ti gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ láti 1905. Ní 1962, General Motors ti Amẹ́ríkà gbé Oldsmobile Jetfire àti Chevrolet Corvair Monza Spyder jáde pẹ̀lú tọ́bò. BMW 2002 Turbo dé ní 1973, Porsche 911 Turbo sì tẹ̀ lé e láìpẹ́. Ohun tó yí padà ni pé láti nǹkan bí 2012 síwájú, àwọn tó ń ṣe mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹ́ńjìnì ńlá kúrò, wọ́n ń fi kékeré tó ní tọ́bò rọ́pò rẹ̀. Mọ́tò ìgbà náà ló ń wọlé gẹ́gẹ́ bíi Tòkunbọ̀ báyìí. Ìdí nìyẹn tí yíyàn fi le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n, èwo ló ń sáré jù nínú méjèèjì?

Ẹ jẹ́ ká mú Mustang 2015, torí oríṣi mẹ́ta ni wọ́n tà ní Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn. Ti V6 (sílíńdà mẹ́fà) lítà 3.7 kò ní tọ́bò, hósípáwà 300 ló ní. EcoBoost jẹ́ sílíńdà mẹ́rin péré, lítà 2.3, àmọ́ tọ́bò gbé e dé 310. GT jẹ́ V8 (sílíńdà mẹ́jọ) lítà 5.0, kò ní tọ́bò, hósípáwà rẹ̀ jẹ́ 435. Ẹ ò rí i pé sílíńdà mẹ́rin bá V6 dọ́gba, ó tún fi díẹ̀ jù ú lọ. Síbẹ̀, hósípáwà kọ́ ni ẹ máa kọ́kọ́ mọ̀ lára, agbára ìfà ni, èyí tó ń ti ẹ̀yìn yín mọ́ àga. EcoBoost ní 434 Nm (òṣùwọ̀n agbára ìfà nìyẹn), V6 ní 380.

Honda Civic Si fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti 2015, lítà 2.4 láìsí tọ́bò, hósípáwà 205 ni, ṣùgbọ́n ó dìgbà tí RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) bá dé 7,000 kí ẹ tó rí gbogbo rẹ̀. Ti 2017, lítà 1.5 pẹ̀lú tọ́bò, hósípáwà 205 náà ni, RPM 5,700 ló sì ti ń pé. Agbára ìfà ti àkọ́kọ́ dé òkè pátápátá ní RPM 4,400, 236 Nm. Ti tọ́bò ń fún yín ní 260 láti RPM 2,100. Lórí ìwé, hósípáwà wọn kò fi ẹyọ kan ju ara wọn lọ, àmọ́ lọ́wọ́ awakọ̀ wọn kò jọra rárá.

Ẹni tó bá ń lọ láti Ifẹ̀ sí Iléṣà lójoojúmọ́ á mọ ohun tí mò ń sọ. Tírélà wà níwájú yín, ẹ wà ní ìgòkè, ojú ọ̀nà ṣí fún ìgbà díẹ̀. Tọ́bò á gbé yín kọjá wọ́ọ́rọ́. Aláìní-tọ́bò, gíà á kọ́kọ́ já wálẹ̀, RPM á gòkè, ẹ́ńjìnì á ké, kó tó dáhùn. Ní ti èyí, tọ́bò ló borí, mi ò ní fi bò fún yín nítorí pé mo fẹ́ràn èkejì.

Wọ́n ní tọ́bò máa ń lọ́ra kó tó gbéra. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni fún àwọn ti àtijọ́. Èéfín gbọ́dọ̀ pọ̀ kí fáànù tó yí, nítorí náà ẹ máa tẹ iná, ẹ máa dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ni agbára á dé lójijì. Àwọn tuntun ti dín èyí kù gan-an. BMW 335i tó jáde fún ọdún 2007 lo tọ́bò kékeré méjì dípò ńlá kan, agbára ìfà rẹ̀ sì ti ń dé òkè láti RPM 1,400.

Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ni ìgbà òjò. Mọ́tò tí táyà ẹ̀yìn ń lé, tí agbára tọ́bò dé bá lójijì ní kọ́nà tó tutù, ìdí rẹ̀ lè yọ̀ kúrò lọ́nà. Ẹ fi ẹsẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Epo tí a ń rà ńkọ́? Ṣé tọ́bò lè jẹ ẹ́?

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka èyí, torí àwọn tó ń ta mọ́tò kì í sọ ọ́.

Ṣí ìdérí táǹkì epo mọ́tò tó wá láti Amẹ́ríkà, ẹ máa rí nọ́ḿbà níbẹ̀ tàbí nínú ìwé rẹ̀: 87, 91 tàbí 93. Nọ́ḿbà yìí ń sọ bí epo ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ tó kó tó gbiná fúnra rẹ̀. Mọ́tò tó wá láti Yúróòpù á kọ 95 tàbí 98. Ẹ má ṣe rò pé 91 Amẹ́ríkà kéré sí 95 Yúróòpù. Òṣùwọ̀n wọn ló yàtọ̀: 91 ti Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 95 ti Yúróòpù, 87 wọn sì jẹ́ bíi 91 tàbí 92 níbẹ̀. Ní ilé epo tiwa, oríṣi bẹntiróòlù kan ṣoṣo ni ẹ sábà máa bá lẹ́nu ẹ̀rọ, láti Sábó dé Ìsọ̀kún. Kò sẹ́ni tí yóò bi yín bóyá 91 lẹ fẹ́ tàbí 95.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ bí epo kò bá tó ohun tí ẹ́ńjìnì ń fẹ́? Tọ́bò ti ki afẹ́fẹ́ pọ̀, ìfúnpọ̀ ti ga, epo kan á gbiná fúnra rẹ̀ kí iná plọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìró wẹ́wẹ́ bí ìgbà tí òkúta ń lu agolo nìyẹn. Ẹ́ńjìnì òde òní ní ohun tó ń gbọ́ ìró náà, kọ̀ǹpútà á sì fa ìtanná sẹ́yìn, á dín agbára kù kó má bàa bàjẹ́. Nítorí náà mọ́tò á ṣì máa lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe agbára tí ẹ sanwó fún ni ẹ ń lò. Ford pàápàá sọ pé epo 93 ni òun fi wọn hósípáwà 310 ti EcoBoost yẹn. Tí ẹ bá wá ń tẹ̀ ẹ́ gidigidi lórí epo tí kò tó, pẹ̀lú ẹrù àti oòrùn, ẹ ń fi písítìn ṣeré.

Àmọ́ ẹ má torí ìyẹn rò pé gbogbo aláìní-tọ́bò ló bọ́. Nissan 370Z, BMW M3 tó ní V8, Mercedes C63 àtijọ́, gbogbo wọn kò ní tọ́bò, epo tó dára jù ni ẹni tó ṣe wọ́n sì béèrè fún, torí ìfúnpọ̀ inú wọn ga láti ilé. Mustang V6 ní tirẹ̀, 87 ló ń béèrè. Ní ti epo, èmi máa ń wo nọ́ḿbà yẹn kí n tó wo ọ̀rọ̀ tọ́bò rárá.

Ooru àti eruku ibí ńkọ́?

Ní oṣù kejì sí ìkẹta, tí ẹ bá há sínú gòsìlóò ní Mayfair tàbí Lagere ní ọ̀sán, atẹ́gùn kì í gba ara íńtákúlà kọjá. Á gbóná, mọ́tò tọ́bò á sì wúwo lẹ́sẹ̀ títí ẹ ó fi tún rí ojú ọ̀nà sáré díẹ̀. Ooru ń dín agbára aláìní-tọ́bò náà kù, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó burú jù ni ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tọ́bò ń yan gbogbo rọ́bà, họ́ọ̀sì àti pílásítíìkì tó wà nítòsí rẹ̀. Mọ́tò ọlọ́dún mẹ́wàá tó ní tọ́bò, ẹ fi ọwọ́ kan àwọn họ́ọ̀sì rẹ̀, ọ̀pọ̀ á ti gan.

Ìgbà ọyẹ́, fílítà afẹ́fẹ́ ni ẹ̀mí tọ́bò. Fáànù tó ń yí tó bẹ́ẹ̀, eruku tó bá gba ibi fílítà tó ya wọlé máa gé etí rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kọ̀mpírẹ́sọ̀ fọn fílítà tó ti gbó kó ní ó ti mọ́. Ẹ ra tuntun.

Wọ́n ní Iléṣà wà lórí òkè, pé tọ́bò ló dára jù fún ibi gíga. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Lóòótọ́ afẹ́fẹ́ máa ń fúyẹ́ ní ibi gíga, ẹ́ńjìnì aláìní-tọ́bò sì ń pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ fún 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan. Iléṣà kò tó 500 mítà. Ẹ kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ìgòkè ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà àti ti Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ló ń béèrè agbára ìfà, ìyẹn sì yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́.

Ọ́ìlì wo ni kí n máa lò, báwo ni kí n ṣe máa pààrọ̀ rẹ̀?

Mo ti sọ pé orí ọ́ìlì ni irin tọ́bò ti ń yí. Ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà dé ibẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an. Bí ọ́ìlì bá pẹ́ jù tàbí tó jẹ́ ayédèrú, ooru á yan án mọ́ ara páìpù náà, á di èédú dúdú líle, ọ̀nà á sì dí. Nígbà tí tọ́bò bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí sáírìn, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ọ́ìlì tuntun. Èmi ò tíì rí ohun tó ń pa tọ́bò níbí tó ọ́ìlì búburú.

Fún tọ́bò: ọ́ìlì sìǹtẹ́tíìkì pátápátá, irú nọ́ḿbà tí ìwé mọ́tò kọ, bíi 5W-30 tàbí 0W-40, kì í ṣe èyí tí mẹkáníìkì bá ní nílẹ̀. Ìwé òyìnbó lè ní kí ẹ lo ọ́ìlì dé 16,000 kìlómítà. Kì í ṣe ojú ọ̀nà wa ni wọ́n rò. Pẹ̀lú ooru, eruku àti gòsìlóò tiwa, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní 5,000 kìlómítà ni mo máa ń sọ. Ẹ ra á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ lè padà lọ bá, ẹ wo òǹtẹ̀ ìdérí rẹ̀, kí ẹ sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dà á. Gálọ́ọ̀nù tó ṣófo, ẹ gún un níhò kí ẹ tó jù ú nù, kí ẹnikẹ́ni má bàa tún rọ ọ́ kún.

Tí ẹ bá ti sáré láti Ìbàdàn dé, ẹ má pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ọ́ìlì lè gbé ooru kúrò lára tọ́bò. Bẹ́ẹ̀ náà ní òwúrọ̀: ẹ má tẹ̀ ẹ́ gidi kí ara rẹ̀ tó yá.

Aláìní-tọ́bò náà nílò ọ́ìlì gidi, ṣùgbọ́n ó máa ń dárí jì yín bí ẹ bá pẹ́ díẹ̀. Tọ́bò kì í dárí jini.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá mọ́tò tí wọ́n ń tà fún mi ní tọ́bò?

Orúkọ tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀tù kò tó. C300 ti 2008 sí 2012 fún Amẹ́ríkà jẹ́ V6 lítà 3.0, kò ní tọ́bò. Ti 2013 àti 2014 jẹ́ V6 lítà 3.5, kò ní tọ́bò. Ti 2015 síwájú jẹ́ sílíńdà mẹ́rin lítà 2.0, tọ́bò ló ní. C250 ti 2012 sí 2014, tí nọ́ḿbà rẹ̀ kéré, lítà 1.8 pẹ̀lú tọ́bò ni. BMW 328i onílẹ̀kùn mẹ́rin ti 2011 ní sílíńdà mẹ́fà láìsí tọ́bò. Ti 2012 ní mẹ́rin pẹ̀lú tọ́bò. Infiniti G37 kò ní tọ́bò, Q50 ti 2014 àti 2015 fún Amẹ́ríkà náà kò ní, ṣùgbọ́n Q50 3.0t ti 2016 ní méjì. Kódà Porsche 911 Carrera lásán ti di oní-tọ́bò láti ti ọdún 2017.

Fún mọ́tò tó wá láti Amẹ́ríkà, ẹ ka VIN (nọ́ḿbà ìdánimọ̀) rẹ̀ lẹ́nu gíláàsì iwájú. Lẹ́tà tàbí nọ́ḿbà kẹwàá ni ọdún rẹ̀: E ni 2014, F ni 2015, G ni 2016, H ni 2017. Ẹni tó ń tà lè pe ti 2014 ní 2015, VIN kò ní bá a purọ́. Ẹ tún fi VIN náà wo ìtàn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bóyá ó ti ní jàǹbá tàbí kí omi ti bò ó mọ́lẹ̀ rí.

Kí ni kí n yẹ̀ wò lára oní-tọ́bò kí n tó sanwó?

Ẹ lọ ní òwúrọ̀, kí ẹ sọ fún ẹni tó ń tà pé kó má tan án kí ẹ tó dé. Ẹ fi ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti gbóná, ó ṣeé ṣe kó ti fi ohun kan pa mọ́, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Bí ẹ bá tan án, kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn wo èéfín. Funfun díẹ̀ tó ń parẹ́ kò burú, omi ni. Aláwọ̀ búlúù jẹ́ ọ́ìlì tó ń jóná. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ wá tẹ iná lẹ́ẹ̀kan: bó bá tu búlúù ní àkókò yẹn, ẹ fura sí síìlì tọ́bò. Ẹ tẹ́tí sí i lójú ọ̀nà. Tọ́bò tó dá ṣáṣá ń súfèé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Èyí tó ti ń kú ń ké bí sáírìn, ìró náà á sì máa ga bí ẹ bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tú họ́ọ̀sì tó lọ sí íńtákúlà. Kí inú rẹ̀ tutù díẹ̀ fún ọ́ìlì kì í ṣe ọ̀rọ̀. Kí ọ́ìlì dúró síbẹ̀ bí omi ló burú. Tó bá ṣeé dé, kó fi ìka mi irin àárín tọ́bò. Kò gbọdọ̀ máa lọ sókè sódò débi tí etí fáànù á fi kan ilé rẹ̀.

Ẹ lo skánà (ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà mọ́tò), kì í ṣe ti ẹni tó ń tà, tiyín. Kóòdù P0299 túmọ̀ sí pé tọ́bò kò ki afẹ́fẹ́ tó. Ó lè jẹ́ họ́ọ̀sì tó ya, ó sì lè jẹ́ tọ́bò fúnra rẹ̀. Bí skánà bá fi hàn pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa gbogbo kóòdù rẹ́, ẹ béèrè ìdí. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ti yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà láti fi kún agbára. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tọ́bò tó ń ti Amẹ́ríkà bọ̀ ni wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí, ẹni tó ṣe é ti jẹ adùn rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa san gbèsè rẹ̀. Sàlẹ́ńsà tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́, tàbí fílítà afẹ́fẹ́ tó wà ní gbangba láìní àpótí, ó yẹ kó tó àmì fún yín.

Ṣé aláìní-tọ́bò kì í bàjẹ́ ni?

Ó ń bàjẹ́ o. V6 Mercedes tí wọ́n ń pè ní M272, àwọn tó jáde láàárín 2005 sí 2007 pàápàá, ní irin eléyín kan nínú tó máa ń jẹ tán kíákíá, ẹ́ńjìnì ni wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti tún un ṣe. V8 lítà 6.2 ti C63, bóòtù orí ẹ́ńjìnì lára àwọn ti ọdún ìbẹ̀rẹ̀ máa ń ṣẹ́. BMW M3 oní-V8, bẹ́ríńgì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ béèrè. Àwọn V6 lítà 3.7 ti Nissan àti Infiniti, gásíkẹ́ẹ̀tì kan tó ń gbé ọ́ìlì lẹ́yìn ìdérí iwájú lè ya.

Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì. BMW pe àwọn mọ́tò tó ní ẹ́ńjìnì N54 onítọ́bò (irú ti 335i yẹn) padà ní Amẹ́ríkà ní 2010 nítorí pọ́ńbù epo. Ẹ́ńjìnì N20 sílíńdà mẹ́rin ti 328i, pílásítíìkì tó ń tọ́ ṣéènì rẹ̀ máa ń fọ́. Àwọn ìyẹn kò tilẹ̀ kan tọ́bò, tọ́bò tún wà lórí wọn. Ìyàtọ̀ tí mo ń wò nìyí: nǹkan tó lè bàjẹ́ lára oní-tọ́bò pọ̀ jù, wọ́n sún mọ́ra, wọ́n sì wà nínú ooru.

Mo wà ní Iléṣà. Ta ni yóò bá mi tún un ṣe?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣíwájú ti owó. Ní Ifẹ̀ àti Iléṣà, mẹkáníìkì tó mọ Camry àti Corolla dójú àmì pọ̀. Èyí tó ní skánà tó ń bá BMW tàbí Mercedes sọ̀rọ̀ dáadáa kò pọ̀. Ẹ wá a rí, ẹ bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ tó ra mọ́tò. Ẹ bi í pé ìgbà wo ló ti tú tọ́bò kẹ́yìn, kó sì sọ bó ṣe fi ọ́ìlì sínú tuntun kó tó tan ẹ́ńjìnì. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á sọ fún yín láìrò, torí tọ́bò tuntun tí a yí láìkọ́kọ́ rọ ọ́ìlì sí i lè kú kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Tí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nítòsí yín, Ìbàdàn tàbí Èkó ni ẹ máa máa gbé e lọ, sípéà páàtì náà Ládípọ̀ ní Mushin ni yóò ti wá. Ẹ ṣọ́ra fún tọ́bò Tòkunbọ̀. Ó lè ti jẹ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tán ní ìlú òyìnbó. Bí ilé tọ́bò yín bá ṣì dára, ẹ lè ra àárín rẹ̀ nìkan ní tuntun, ó sábà máa ń sàn ju odidi tó ti lò lọ.

Ọmọ mi wà ní OAU, ó ní Civic Si lòun fẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Mọ́mì, ẹ ra ti 2012 sí 2015 tí kò ní tọ́bò fún un. Gíà ọwọ́ nìkan ló ní, ẹ jẹ́ kó kọ́ ọ dáadáa kó tó gbé e wọ inú kámpọ́ọ̀sì, kó sì máa rántí bọ́m̀pù. Inú rẹ̀ kò ní dùn nígbà àkọ́kọ́, á sọ pé tuntun ló dára jù. Ẹ jẹ́ kó fi owó tó kù ra táyà àti bíréèkì tó dá ṣáṣá.

Ṣé tọ́bò kì í jẹ epo ni?

Tí ẹ bá ń wakọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, kékeré tó ní tọ́bò máa ń jẹ epo díẹ̀ ju ńlá tí kò ní lọ. Tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, ẹ máa sanwó epo bí ẹni tó ní ẹ́ńjìnì ńlá.

Ṣé mo lè ní kí wọ́n fi tọ́bò sí èyí tí mo ti ní?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ìfúnpọ̀ inú ẹ́ńjìnì aláìní-tọ́bò ti sábà ga, nígbà mìíràn ju 10 sí 1 tàbí 11 sí 1 lọ. Bí ẹ bá tún ki afẹ́fẹ́ sí i, lórí epo tiwa, písítìn á fọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á pààrọ̀ písítìn, pọ́ńbù epo, kọ̀ǹpútà àti gíà, owó yẹn sì lè ra Mustang GT.

C63 àtijọ́ tàbí tuntun?

Ẹ jẹ́ kí n gba ara mi láyè díẹ̀ lórí èyí. C63 ti 2008 sí 2014 ní V8 lítà 6.2 láìsí tọ́bò, nǹkan bí hósípáwà 451. Ti 2015 sí 2021 ní V8 lítà 4.0 pẹ̀lú tọ́bò méjì tí wọ́n gbé sáàárín ẹ́ńjìnì, hósípáwà 469, S rẹ̀ sì jẹ́ 503. Tuntun yára jù, inú rẹ̀ rẹwà jù, ìfà rẹ̀ pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n tọ́bò ń gba lára ohùn èéfín kó tó dé sàlẹ́ńsà. Ti àtijọ́, ohùn rẹ̀ ń gòkè bí RPM ti ń gòkè, ẹsẹ̀ yín àti ẹ́ńjìnì a máa sọ̀rọ̀ láìsí ẹni tó dúró sáàárín wọn. Bí mo bá ní owó, àtijọ́ ni, ti 2012 síwájú, pẹ̀lú ìwé àtúnṣe tó pé. Ẹni tó ń lọ Èkó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tó ní mẹkáníìkì gidi lọ́hùn-ún, tó ń ra ọ́ìlì tó dára láìṣírò, kó lọ ra tuntun. Òun ni irú ẹni tí mo ní tọ́bò tọ́ sí.

Mo ti rà á. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ẹni tó tà á sọ pé òun ti pààrọ̀. Ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀, fílítà afẹ́fẹ́, omi ràdíátọ̀ tó jẹ́ irú tí ìwé kọ kì í ṣe omi kànga, àti plọ́ọ̀gì: ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ kọ ọjọ́ àti kìlómítà sínú ìwé kan tó ń gbé inú mọ́tò. Oní-tọ́bò, ẹ fi kílíǹpù tuntun sí gbogbo họ́ọ̀sì íńtákúlà tó ti gbó. Ní ìdajì oṣù, ẹ tún fi skánà wò ó.

Lẹ́yìn náà ẹ wo táyà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ lọ́nà Iléṣà. Lára rẹ̀, nọ́ḿbà mẹ́rin kan wà nínú àmì róbótó gígùn: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Èyí tó bá ti ju ọdún mẹ́fà lọ, ẹ yọ ọ́, bí ẹnu rẹ̀ tiẹ̀ ṣì jinlẹ̀.